Wákàtí Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún

Ìyá Kíláàsì ni a ń pè é, nítorí pé ó ti fi ọdún méjìlá ránṣọ kí ó tó wọ yunifásítì láti kọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé. Téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, àní nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀ dá lórí iye wákàtí tí àwọn aránṣọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Ó bi ọgọ́ta aránṣọ léèrè. Wákàtí márùndínlọ́gọ́ta ni ìpíndọ́gba tí ó rí. Ẹnu ya olùkọ́ wa. Ó ní Ìyá Kíláàsì ni yóò sọ̀rọ̀ lórúkọ kíláàsì níwájú gbogbo ẹ̀ka lọ́jọ́ Ẹtì. Ọdún mẹ́rin ni a fi ń fi ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní Ọjọ́rú, mo tẹ̀lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́. Tayọ̀tayọ̀ ni ó ka àbájáde náà fún un. Ọ̀gá rẹ̀ kò gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́.

“Márùndínlọ́gọ́ta? Ta ló ń ránṣọ tó bẹ́ẹ̀? Ìwọ tí o máa ń sùn lórí ẹ̀rọ mi lọ́sàn-án gangan!”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìṣirò ló sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ìṣirò kẹ̀! Èmi náà wà lára àwọn tí o bi. Mélòó ni mo pè fún ọ?”

Ó ṣí kọ̀ǹpútà. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló wà níwájú orúkọ ọ̀gá rẹ̀.

“Mi ò dá ọ lóhùn rárá. Mo ní kó o jẹ́ kí n parí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tí mò ń rán ná.”

Bí ẹnì kan kò bá fèsì, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n kọ́ wa láti fi dípò èsì rẹ̀, kí a sì yọ ọ́ kí a tó ṣírò. Ìyá Kíláàsì ti gbàgbé láti yọ ọ́. Aránṣọ méjìlá ni kò fèsì. Nígbà tí ó yọ wọ́n tán, ìpíndọ́gba já sí mẹ́rìnlélógójì, iye tí kò lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

“Àǹtí, ọ̀túnla mà lẹ máa sọ̀rọ̀,” ni mo wí. “Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

Ó wò mí bí ẹni ń wo aṣọ tí wọ́n gé kúrú jù. “Àbúrò mi, aṣọ tí wọ́n bá gé wọ́, bó ti wù ká lọ̀ ọ́ tó, wíwọ́ ló máa wà.”

Orí tábìlì ìgéṣọ ni ó ti kọ̀wé sí olùkọ́ pé mẹ́rìnlélógójì ni ìpíndọ́gba náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀, ọmọkùnrin kan tí ó mú àwòrán aláràbarà ti ìwádìí tirẹ̀ wá. A pàtẹ́wọ́. Ìyá Kíláàsì nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn.

“Ẹ kú iṣẹ́. Àwọn tí kò dáhùn ńkọ́? Ibo lẹ fi wọ́n sí?”

Olùsọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé rẹ̀ síwá, sẹ́yìn.