Ìdọ̀bálẹ̀ Inú Mọ́tò

Ìyá ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn wà níta, wọ́n ń wòran; èmi wà nínú, mo dojú bolẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń sọ kiri. Ẹ jẹ́ kí n sọ apá tèmi.

Nígbà kan tí Mọ́mì wá kí wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, fóònù wà létí mi. Mo jókòó pa, mo juwọ́ sí wọn, mo ní, "Ẹ káàbọ̀ mà." Àna wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ìyá tó wá láti Ìjẹ̀bú! Wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ, wọn ò sì wá sílé wa mọ́. Ìyàwó mi bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n tó gbà láti wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, ó na ìka sí mi nímú:

"Bàbá Ìbejì, bí ìyá mi bá ti wọlé báyìí, àyà yín ni mo fẹ́ rí nílẹ̀. Tí wọ́n bá tún bínú lọ, èmi náà á tẹ̀ lé wọn."

Mo gbọ́. Àmọ́ mo tún rò ó pé ó yẹ kí n fi mọ́tò gbé wọn padà sílé, kí ẹ̀bẹ̀ náà lè kún. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Mọ́tò yẹn ti wà kí n tó gbéyàwó. Ìlẹ̀kùn mẹ́rin ló ní, ẹyọ kan ló ń ṣí: ti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Òun náà, ọwọ́ tó wà níta ti ṣẹ́, a máa ń ki apá bọ ojú fèrèsé ká tó ṣí i láti inú. Ìyàwó mi ló ń kọ́kọ́ wọlé, á rá kọjá sórí àga kejì, èmi á wá tẹ̀ lé e. Ó ti mọ́ wa lára.

Gíláàsì ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo yìí ló wá ń dúró ní agbedeméjì, kì í lọ sókè tán mọ́. Mẹkáníìkì mi ní Muṣin ní kí n gbé e wá. Mo ní torí kí ni? Ṣé èmi ò lọ́wọ́ ni? Mo ra irin tó ń gbé gíláàsì ní Ládìpọ̀, tòkunbọ̀ gidi, mo wọ ṣòkòtò iṣẹ́.

Òjò ń kán wínníwínní, mo bá wọnú mọ́tò, mo pa ìlẹ̀kùn dé, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti gíláàsì sókè títí tó fi há gádígádí. Ẹ rí ọgbọ́n!

Mo wá ki àkísà bọ ẹ̀yìn ọwọ́ tí a fi ń yí gíláàsì, mo ń fà á síwá-sẹ́yìn bí ẹni ń nu bàtà. Kílíìpù kékeré ló de ọwọ́ yẹn. Tí àkísà bá kọ́ ọ, á fò jáde. Ó fò lóòótọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ imú mi kọjá, n kò mọ ibi tó bọ́ sí. Mo yọ ọwọ́ náà, mo gbé e sórí dáṣíbọọ̀dù bí ife-ẹ̀yẹ.

Orí mi wú. Mo tú ọwọ́ kejì, èyí tí a fi ń ṣí ìlẹ̀kùn láti inú. Bí mo ṣe fà á báyìí, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so mọ́ ọn lẹ́yìn já bọ́ sínú ìlẹ̀kùn, ó ń dún lọ sísàlẹ̀.

Mo wo ìlẹ̀kùn. Mo wo ọwọ́ méjèèjì lórí dáṣíbọọ̀dù. Mo gbìyànjú láti dá ti gíláàsì padà, àmọ́ láìsí kílíìpù, ṣe ló ń bọ́ sí mi lọ́wọ́. Èmi ni mo ti ara mi mọ́lé.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo gbọ́ géètì. Gíláàsì ẹ̀yìn kan wà tí kì í pa dé tán, ibẹ̀ ni ohùn ìyàwó mi gbà wọlé.

"Bàbá Ìbejì, Mọ́mì ti dé! Ẹ jáde!"

"Kò ṣeé ṣe."

"Kí ni kò ṣeé ṣe?"

"Ṣé fóònù ló tún wà létí ẹ̀ ni?" Mọ́mì nìyẹn. Wọ́n ti ń yíjú sí géètì.

Mo ju ara mi gbalaja sórí àga iwájú méjèèjì. Jíà gún mi ní ikùn, orí mi wọ ìsàlẹ̀ àga kejì. Mo pariwo, "Mo kí yín mà! Ẹ dárí jì mí mà!" Orúnkún mi tẹ họ́ọ̀nù, òun náà bá mi bẹ̀bẹ̀.

Mọ́mì ní, "Ó tó. Dìde."

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àga níwájú mi, láàárín èèpo ẹ̀pà àti yẹtí ìyàwó mi tó ti sọnù tipẹ́, kílíìpù ń dán gbinrin. Mo na ọwọ́, kò tó o.

"Mo ní ó tó, dìde!"

N kò dìde. Ìka mi ti fẹ́ kàn án.

"Ẹ wò ó, ó kọ̀, kò dìde!" Ohùn Mọ́mì ti rọ̀. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúre: ilé mi á tòrò, àwọn ọmọ mi á bọ̀wọ̀ fún mi. Mo ń ṣe àmín, mo ń na ìka. Kí wọ́n tó dé orí ẹ̀mí gígùn, kílíìpù ti bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Mo fi kílíìpù de ọwọ́ gíláàsì padà, mo yí gíláàsì wálẹ̀, mo yọrí síta bí ahun. Orí nìkan ló ráyè, ikùn kò gbà. Títí mẹkáníìkì fi gun kẹ̀kẹ́ Márúwá dé láti Muṣin, inú ibẹ̀ ni mo wà. Òjò ti dá, Mọ́mì gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń fún mi lẹ́ran láti ojú fèrèsé.

Ní báyìí, kò sí ibi tí wọn kì í ti í sọ ọ́: "Àwọn àna tó kù ń dọ̀bálẹ̀ bí ẹni fẹ́ mú nǹkan tó jábọ́. Tèmi, mo ní kó dìde títí, ó kọ̀!" Ìyàwó mi, tó rí kílíìpù náà, á kàn máa wò mí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ọkọ, Mọ́mì sì ti ní kí n wá kọ́ àna tuntun náà bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa sọ fún wọn pé kílíìpù ni ẹ ń wá?