Òdo Tí Dókítà Dúpẹ́ Kọ fún Ìyá Sàráfá

Dúpẹ́ Adéoṣun ni orúkọ rẹ̀. Dókítà ni, Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ni wọ́n bí i sí, òun ló sì kọ́kọ́ sọ mí di yẹ̀yẹ́ ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì kí ìyá rẹ̀ tó lóyún rẹ̀.

Wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà tí eegun ìgbáròkó wọn dá ni. Kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, dókítà á fi máàkì díwọ̀n ewu ikú tó lè tẹ̀lé e: ọjọ́ orí, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó, àìsàn mìíràn tó wà lára, àti bóyá iyè ti ń ra. Bí máàkì bá ṣe ga sí ni ewu ṣe pọ̀ sí. N kò bá ìṣirò jà. Irọ́ tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀ ni mo kórìíra.

Ìyá Sàráfá ṣubú nínú ilé ìwẹ̀ ọmọ wọn. Dúpẹ́ dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi bírò lu fáìlì.

“Rábíátù! Ọdún wo la wà yìí? Ta ló ń jọba?”

Màmá kọjú sí ògiri. Dúpẹ́ kọ òdo síbi ìdánwò iyè, máàkì ewu fò sókè, ló bá sọ fún Sàráfá pé kí wọ́n má wulẹ̀ la ìyá rẹ̀, oògùn ìrora náà ti tó. Ọkùnrin náà bú sẹ́kún.

Mo ní, “Dókítà, orí Màmá pé. Orúkọ lo pè mọ́ wọn lórí. Ṣé wọ́n á dá ẹ lóhùn ni?”

Ó rẹ́rìn-ín lójú gbogbo ayé. “Mummy, hospital nìyí o, kì í ṣe abúlé yín. Ẹ lọ gbé bedpan.”

Bedpan kọ́ ni mo lọ gbé. Dókítà tó ń fún aláìsàn lóògùn oorun kí wọ́n tó là á ni mo lọ pè. Lójú rẹ̀, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, orúnkún mi ń ké.

“Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Sàráfá. Ẹ má bínú, ta ló ń jọba nílùú yìí?”

“Ọmọ ọbabìnrin tó wàjà ni. Ṣé ọmọbìnrin àárọ̀ yẹn ò mọ̀ ni?”

Wọ́n sọ ọdún, wọ́n sọ oṣù, wọ́n ka nọ́ńbà ilé ọmọ wọn, wọ́n sì bèèrè ẹni tó bí ọmọ tí kò mọ èèyàn kí. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún dókítà náà, n kò fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì kọ máàkì tuntun sábẹ́ òdo Dúpẹ́.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà. Nígbà tí Màmá fi fúrémù rìn dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ọ̀gá àwọn dókítà ní kí wọ́n gbé fáìlì wọn wá. Dúpẹ́ sáré wá bá mi nídìí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀:

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́, tí ọ̀gá bá bi yín, ẹ ní Màmá ò tíì jí dáadáa nígbà tí mo bi wọ́n.”