Ìka Ọ̀gá Mi Lórí Àwọ̀ Ọsàn

Ọ̀gá mi obìnrin nílé ìwádìí ní Moniya kì í yin àwòrán purotéènì tí kọ̀ǹpútà bá yà nítorí ẹwà. Wọ́n á fi ìka wá àwọ̀ ọsàn lára rẹ̀, tó ń fi ibi tí kọ̀ǹpútà ti kàn fojú bù ú hàn.

Lọ́jọ́ tí mo gbé ti kòkòrò tó ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ wá, ìka wọn dúró lórí àwọ̀ ọsàn, níbi gan-an tí oògùn wa yóò ti mú un.

"Àbá lásán nìyí. Ẹ jẹ́ ká dúró de èyí tó dájú."

"Àwọn àgbẹ̀ ń retí wa, mà."

"Mo mọ̀. Àbúrò mi wà lára wọn."

Àìsàn ti pa ọ̀gá mi kí a tó rí àwòrán tó dájú. Ibi àwọ̀ ọsàn yẹn yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí kọ̀ǹpútà yà; oògùn wa kì bá tí mú un. Mo lọ fi han àbúrò wọn ní Lalupon, mo sì sọ ìdí tí wọ́n fi ní ká dúró. Ó ti pa oko tì, ọ̀kadà ló ń gùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ fún mi rí pé àwọn ló ní kẹ́ ẹ dúró," ló wí.