Táyà Ọwọ́ Ọ̀tún

Ketill Bergsson kò ní ju ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ láti ìgbà tó ti gbéyàwó. Jíìpù ni. Àwọ̀ ewé ló ní nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n yìnyín àti iyanrìn dúdú orí òkè ti họ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò lè sọ àwọ̀ tó jẹ́. Táyà rẹ̀ ga dé ìbàdí ọkùnrin.

Lọ́dọọdún, bí oòrùn bá ti ń tètè wọ̀, àwọn ará abúlé a gun òkè lọ kó àgùntàn wọn tó ti ń jẹ̀ káàkiri níbẹ̀ láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́. Ẹṣin ni wọ́n ń gùn, ajá a sì máa tẹ̀ lé wọn. Ketill ló ń fi jíìpù kó oúnjẹ, aṣọ ìbora àti ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ wọn lọ sí ahéré tí wọ́n ń sùn. Ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì pupa ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi í joyè, ó kàn ń ṣe é ni. Ragna ìyàwó rẹ̀ ló máa ń jókòó lọ́tùn-ún rẹ̀.

Ragna kú nígbà tí àwọn àgùntàn ń bímọ. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni Ketill gbàgbé lẹ́yìn náà, ó sì gbàgbé pé ó yẹ kí òun gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ọlọ́pàá rí àmì àyẹ̀wò àtijọ́ lára nọ́ńbà ọkọ̀ náà níwájú ilé ìtajà. Ó ní kó máa lọ, ṣùgbọ́n kí òun má tún rí i bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àgùntàn. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ẹni tí wọ́n fi ṣe ọba orí òkè, ìyẹn olórí àwọn tó ń kó àgùntàn. Ó bá Ketill níbi tó ti ń ra ìṣó, ó bá a sọ ọ́ wẹ́rẹ́. Bí àmì tuntun bá wà lára nọ́ńbà kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, Ketill ni yóò gbé ẹrù. Bí kò bá sí, Styrmir, ọmọ abúlé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra jíìpù tirẹ̀, ni. Kò ṣeé ṣe láti kó oúnjẹ gbogbo ènìyàn sínú ọkọ̀ tí òfin kò mọ̀.

Ketill ní ó dáa. Ó mọ̀ pé bí ẹrù yẹn bá fi lè bọ́ lọ́wọ́ òun lọ́dún kan, kò tún ní padà wá. Wọn yóò máa kí i nílé. Wọn yóò máa bu ọbẹ̀ ẹran fún un nígbà tí agbo àgùntàn bá sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò ní pè é gun òkè mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, kó tó lọ síbi àyẹ̀wò, ó kọ́kọ́ sáré gun òkè lọ wo ààrò ahéré, torí ààrò náà máa ń sé èéfín mọ́nú. Iyanrìn pọ̀ lọ́nà ibẹ̀. Bí awakọ̀ bá dé ibi tí ọ̀dà ojú ọ̀nà ti tán, ńṣe ni yóò tú atẹ́gùn inú táyà sílẹ̀ títí táyà yóò fi rọ̀, tí yóò sì fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìrọ̀rí, kí ọkọ̀ lè máa gba orí iyanrìn lọ dípò kó rì. Bó bá ń bọ̀, yóò dúró níbi kan náà, yóò fẹ́ wọn padà. Ọmọdé abúlé náà mọ èyí.

Bí Ketill ṣe ń bọ̀, ó dúró níbi tí ọ̀dà ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ́ táyà iwájú, ó fẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó padà sínú ọkọ̀, ó bu kọfí nínú fúláàsì. Ó mu ún tán. Ó tún jókòó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbọ̀nà ìlú. Ọkọ̀ ń fà sọ́tùn-ún. Ó ní afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa ń di gbogbo ẹ̀bi rù lágbègbè yẹn.

Oddný ló ń ṣàyẹ̀wò ọkọ̀ nílùú. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, ọmọ ọ̀rẹ́ Ketill. Nígbà tó wà ní kékeré, ẹ̀yìn jíìpù yìí ló máa ń sùn sí láàárín àpò oúnjẹ. Styrmir náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti yẹ tirẹ̀ wò tán. Ọkọ̀ tuntun ni, láti ilé ìtajà ló ti gba táyà ńlá rẹ̀ wá. Ó jókòó sórí àga gígùn níbi tí àwọn oníbàárà ti ń mu kọfí. Ó ní òun ń dúró de òjò kó dá.

Bí jíìpù ṣe wọlé ni Styrmir bojú wò ó láti orí àga.

“Ketill mi, ọkọ̀ yín fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó mutí yó.”

“Kò mutí,” Ketill ló sọ bẹ́ẹ̀. “Tìẹ ló ń tẹrí ba fún. Ó gbọ́ iye tí o rà á.”

Oddný rẹ́rìn-ín, ó gba kọ́kọ́rọ́. Ó wo iná, iná dára. Ó wo aago ìsáré, ó pé, torí Ketill ti tún un ṣe láti ìgbà tó ti pààrọ̀ táyà. Ó gbé ọkọ̀ sórí irin tó ń yí láti fi wo bíréèkì. Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Ti òsì di irin náà mú dáadáa. Ti ọ̀tún kò bá a dọ́gba. Ó tún un wò, bákan náà ni.

Ó wá mú ọ̀pá títọ́ kan. Òfin ni pé màdígáàdì gbọ́dọ̀ bo táyà. Bí olùyẹ̀wò bá fi ọ̀pá ti etí màdígáàdì, tó jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ dé ilẹ̀ lóòró, ọ̀pá náà kò gbọdọ̀ kan táyà. Lọ́wọ́ òsì, kò kàn án. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ó kan ti iwájú, ó kan ti ẹ̀yìn.

“Ó yọ síta,” Oddný wí.

Ketill ní kò lè yọ síta. Styrmir ti orí àga ní bóyá sípíríǹgì ẹ̀gbẹ́ yẹn ló ti kú, pé irin pàápàá máa ń darúgbó. Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ló sì dun Ketill jù.

Ketill mọ òfin màdígáàdì ju ẹni tó kọ ọ́ lọ, torí ojú rẹ̀ ló ṣe. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayùn gé ara ọkọ̀ kí táyà ńlá lè wọ abẹ́ rẹ̀, kò sí òfin kankan. Òkúta ń fò lára táyà lọ fọ́ gíláàsì ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bíréèkì àwọn mìíràn kì í mú. Ìjọba fẹ́ fòfin de gbogbo rẹ̀ pátápátá. Ketill, bàbá Oddný àti àwọn díẹ̀ mìíràn ló ránṣẹ́ pe àwọn ará ọ́fíìsì wá wò ó fúnra wọn. Pápá oko ni wọ́n ti pàdé. Ragna din páńkéèkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fi ṣúgà sí i, ó ká a, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá tó ga jù nínú wọn ní òun fẹ́ jókòó sínú ọkọ̀ kan kí wọ́n tẹ bíréèkì lójijì. Ketill gbé e. Ó sáré, ó tẹ̀ ẹ́, jíìpù dúró gbagidi láìyà síbì kan. Páńkéèkì tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú. Ó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó ní wọn yóò ṣe òfin tí ìjọba àti àwọn onímọ́tò yóò jọ lè máa bá gbé. Kí bíréèkì dọ́gba, kí aago má parọ́, kí màdígáàdì bo táyà.

Màdígáàdì fífẹ̀ kò sí lọ́jà nígbà yẹn. Ilé ni wọ́n ti ṣe é, láti inú fáíbà àti gọ́ọ̀mù. Òtútù inú ilé ọkọ̀ kò jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ, Ragna bá ní kí wọ́n kó o wá sí ilé ìdáná. Ketill ṣe méjì tòsì, Ragna ṣe méjì tọ̀tún. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ẹja gbígbẹ àti bọ́tà tí wọ́n ń jẹ fi ń ta sánsán gọ́ọ̀mù. Ragna ní bí àwọn bá kú, àwọn ò ní jẹrà.

Ìdí nìyẹn tí Ketill fi ní kò lè yọ síta. Bí Oddný bá sọ pé ó yọ, a jẹ́ pé wọn yóò tú màdígáàdì Ragna kúrò, wọn yóò fi ti ọjà sí i. Ìyẹn kò sì lè ṣeé ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú.

Oddný gbé ọ̀pá náà kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú ọ̀tún, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó lọ sí ti òsì, ó tẹ ìyẹn náà. Ó dìde, ó nu ọwọ́.

“Ketill mi, orí òkè lẹ ti ń bọ̀?”

“Mo lọ wo ààrò.”

“Ẹ fẹ́ táyà níbi ọ̀dà?”

“Mo fẹ́ ẹ. Mo ń ṣe é kí wọ́n tó bí ẹ.”

“Ẹ̀gbẹ́ wo lẹ fẹ́?”

Ketill ya ẹnu láti sọ pé méjèèjì. Ó wo ọkọ̀ tó fì sọ́tùn-ún lórí ilẹ̀ títẹ́jú.

“Tèmi,” ó wí. “Tèmi ni mo fẹ́.”

“Ta ló ń fẹ́ ọ̀tún?”

“Ragna ló ni ọ̀tún.”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní ọkọ̀ náà ni ẹ̀rọ atẹ́gùn rẹ̀ ti ní rọ́bà méjì, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ń lọ, Ketill nìkan ló máa ń tú atẹ́gùn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń bọ̀, Ketill a bọ́ sílẹ̀ lápá òsì, Ragna a bọ́ sílẹ̀ lápá ọ̀tún. Wọn kì í rí ara wọn, ọkọ̀ ti ga jù. Wọn a máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti òdìkejì, wọn a máa bú ara wọn pé ta ló ń lọ́ra. Bí Ragna bá ṣe tán, a gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, Ketill a wá mọ̀ pé ó tó láti lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò dá gun òkè, ó fẹ́ méjì tirẹ̀, ó wọlé, ó sì jókòó. Kò mọ ohun tó ń dúró dè. Nígbà tí kọfí tán, ó lọ.

Styrmir tẹjú mọ́ kọ́ọ̀bù ọwọ́ rẹ̀.

Oddný fa rọ́bà atẹ́gùn láti ara ògiri, ó nà án sí Ketill. Ó lè fẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ketill kúnlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó fẹ́ ti iwájú, ó wo gééjì, ó fẹ́ ti ẹ̀yìn. Ọkọ̀ náà ń dìde díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró ṣánṣán. Ketill dìde, ó gba iwájú ọkọ̀ kọjá, ó sì gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó gbá a tán ló tó mọ̀ pé òun gbá a.

Oddný tún gbé ọkọ̀ sórí irin tó ń yí. Bíréèkì dọ́gba. Ó mú ọ̀pá. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ìka ọwọ́ kan lè wọ àárín ọ̀pá àti táyà. Ó tún lọ sí òsì. Níbẹ̀, bébà nìkan ló lè wọ̀ ọ́.

“Ragna mọ̀ ọ́n ṣe jù yín lọ,” ó wí.

“Òun náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀.”

Ketill lọ jókòó sórí àga gígùn. Styrmir bu kọfí fún un láìbéèrè. Nínú ilé, wọ́n ń gbọ́ bí Oddný ṣe ń ha àmì àtijọ́ kúrò lára nọ́ńbà. Ó lẹ tuntun mọ́ ọn, ó sì wá dúró níwájú wọn.

Ó ní ọkọ̀ ti yege. Ó ní ohun tó kàn yìí kò sí nínú òfin, ẹ̀kọ́ bàbá òun ni. Lọ́la, ẹrù yóò wà lẹ́yìn ọkọ̀, ọ̀nà ń rọ́ ẹsẹ̀ òkè yíká, ọ̀gbun sì wà lápá ọ̀tún tí ojú ẹni tó ń wakọ̀ kò lè dé.

“Ta ni yóò jókòó síbẹ̀?”

Ketill mu kọfí. Òjò ti dá tipẹ́, Styrmir kò sì tíì lọ.

“Styrmir,” Ketill wí, “ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ táyà?”

“Tèmi máa ń fẹ́ ara ẹ̀. Mo kàn ń tẹ bọ́tìnì ni.”

“Mi ò bi ẹ́ nípa ti ọkọ̀ ẹ.”

Styrmir fọwọ́ pa irùngbọ̀n. “Mo lè kọ́ ọ.”

“Kò pẹ́ kọ́. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni. Tí o bá ṣe tán, gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì. Má gbá a lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní lọ.”

“Ẹ ẹ̀ ní lọ?”

“Mo máa jókòó síbẹ̀ títí yìnyín á fi bò wá.”

Styrmir ní òun gbọ́. Ó béèrè ìgbà tí wọn yóò gbéra. Ketill ní kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kó sì mú bàtà gidi wá, kì í ṣe irú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yẹn. Ó gbé kọ́ọ̀bù sórí tábìlì, ó kí Oddný, ó dé fìlà, ó dìde, ó sì lọ.