"A Ti Gbọ́" Kì í Ṣe "A Gbà"

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni ìdààmú mi bẹ̀rẹ̀ ní Ìkọ̀lé. Ẹgbẹ́ àwa tí à ń lo blọkuṣéènì kan, ìwé àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa jọ ń tọ́jú, ní Èkìtì, máa ń dìbò yan olórí ara wa. Àjọ tó ń bójú tó blọkuṣéènì náà ní òun ni òun yóò máa yan olórí náà fún wa báyìí. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ fèsì pé, "A ti gbọ́." Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbà. Síbẹ̀, àjọ náà, tó gbà mí síṣẹ́ ògbufọ̀, ní kí n túmọ̀ èsì náà sí "A gbà", kí n sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ wa gbọ́ ohun tí àjọ ní kí n ṣe, ó sì pè mí lórí fóònù: "Àbúrò, o ò gbédè wa mọ́, àbí o ti dòyìnbó?"

Mo rẹ́rìn-ín. Bí mo bá kọ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí lẹ́yìn yunifásítì lọ nìyẹn. Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ni kí n ṣe?