Ìgbà Tí Mo Fi Pákó Yọ̀ Lórí Òkè Iná

Òórùn èéfín ẹja ni mo fi dàgbà. Nílé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́, ó wà lára aṣọ, ó wà lára ìrọ̀rí, kódà ìwé ilé ẹ̀kọ́ mi ń rùn bí ẹja yíyan. Òun ló tọ́ mi nígbà tí ìyá tó bí mi kú. Ẹja ló ń yan tà ní Ọjà Olúwo, Ìyá Ẹlẹ́ja ni gbogbo wa sì ń pè é. Apẹja ni ọkọ rẹ̀. Ọkọ yìí wọ inú ọ̀sà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì padà. Wọn ò bímọ. Èmi nìkan ló kù sí i lọ́wọ́, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti gbogbo ènìyàn, Ìkòròdú ni iṣẹ́ mi wà, ìrìn àjò afẹ́ sì ti wọ̀ mí lẹ́wù. Mo ti gun Olúmọ, mo ti gun Ìdànrè, síbẹ̀ kò tíì tó mi. Lọ́jọ́ kan, mo rí àwọn òyìnbó lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n jókòó sórí pákó, tí wọ́n ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ ṣọ̀ọ̀ láti orí òkè dúdú kan tó máa ń yọ iná. Mo fò sókè lórí àga. Wọ́n ní irú òkè bẹ́ẹ̀ wà ní Kamẹrúùnù níbí. Ó parí.

Ọ̀rẹ́ mi káfíńtà ní Ìgbògbò ló bá mi ṣe pákó náà. Èmi ni mo ní kó gbẹ́ ẹ bí ìdí ọkọ̀ ojú omi, kó dán gbinrin, kí imú rẹ̀ sì ká sókè. Ó bi mí pé báwo ni màá ṣe dá a dúró. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ta ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń darí ohun tó ń yọ̀?

Mo gbé pákó náà dé Ẹ̀pẹ́ láti dágbére. Ìyá Ẹlẹ́ja wò ó, ó tún wò mí.

"Kí ló ń lé ẹ?"

"Kò sóhun tó ń lé mi, Ìyá. Ìgbádùn ni."

"Ìgbádùn! Lórí òkè tó ń pọ iná? Háà, mo gbé!"

Ó bẹ̀ mí, ó sunkún, ó tún bẹ̀ mí. Nígbà tó rí i pé mi ò ní gbọ́, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Mi ò ní gbá yàrá ẹ títí wàá fi dé."

Àṣà ilé wa nìyẹn. Bí ẹnìkan bá lọ ìrìn tó léwu, wọn kì í gbá yàrá rẹ̀ títí yóò fi padà, kí wọ́n má baà gbá ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù. Láàárọ̀ tí ọkọ rẹ̀ lọ sójú omi, àlejò kan tí kò mọ àṣà yìí ló gbá yàrá tiẹ̀. Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn títí ó fi sú mi. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá a o, Ìyá, eruku á pọ̀ jù." Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé nígbà náà ni, kò sóhun tí mi ò mọ̀.

Òkè náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Eérú oníhóró líle ló bò ó. Ọkùnrin tó ń mú èmi àti àwọn arìnrìn-àjò yòókù gòkè fi píjìn ṣàlàyé fún mi pé bí mo bá fẹ́ dúró, kí n na ẹsẹ̀ síta, kí n tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni, mi ò gbọ́ nǹkankan.

Pákó gbéra. Ó kọ́kọ́ dùn, kí n má purọ́. Lẹ́yìn náà ló wá sá mọ́ mi lọ́wọ́. Ní Ẹ̀pẹ́, láti kékeré ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún wa pé a kì í na ẹsẹ̀ síta nínú ọkọ̀ ojú omi. Bó bá fẹ́ dà, jókòó jẹ́ẹ́, kí o sì fi ọwọ́ wa ọkọ̀. Ohun tí mo ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo ká ẹsẹ̀ kò, mo ki ọwọ́ bọ eérú. Yéè! Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fún mi ya, awọ àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Pákó tí mo ní kó dán, ó mà dán lóòótọ́! Àwọn àpáta ńlá wà nísàlẹ̀, mo sì ń lọ bá wọn tààrà. Ẹ gbọ́ ohun tí èmi ọ̀mọ̀wé ń ké: "Ẹ má gbá a o! Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá yàrá yẹn!"

Ọkùnrin yẹn ń sáré bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń pariwo, "Ẹsẹ̀! Ẹsẹ̀!" Ẹ̀rù ló na ẹsẹ̀ mi síta, kì í ṣe ọgbọ́n. Gìgísẹ̀ mi wọ ilẹ̀, eérú kún mi lójú, ó kún mi lẹ́nu, mo tàkìtì. Pákó nìkan ló dé ọ̀dọ̀ àpáta, ó sì fọ́ yángá. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń fọwọ́ kan ara mi káàkiri. Ara tù mí débi tí mo ń dá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo padà dé Gáréèjì Ìkòròdú, mi ò yà sílé mi. Mọ́tò Ẹ̀pẹ́ ni mo wọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé. Yàrá yẹn ni mo kọ́kọ́ lọ ṣí. Eruku nìyí, ilé aláǹtakùn nìyí, ọ̀rá bisikíìtì tí mo jù sílẹ̀ láàárọ̀ tí mò ń lọ ṣì wà níbẹ̀, èèrà ti bò ó. Wọn ò gbá a. Mo jókòó sílẹ̀, mo bú sẹ́kún.

Ibẹ̀ ni Ìyá Ẹlẹ́ja bá mi. "Alihamudulilai," ló ń wí. Ó dì mọ́ mi, ó gbá mi lẹ́yìn, ó tún dì mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló lọ mú ìgbálẹ̀, ó ní kí n bọ́ bàtà. Bí mo ṣe bọ́ ọ, hóró dúdú dà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kàn án wò.

"Kí lèyí?"

"Eérú òkè náà ni, Ìyá."

"Eérú?" Ó dìde, ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Eérú lo torí ẹ̀ dé Kamẹrúùnù? Èyí tó kún ìdí ààrò mi yìí, ṣé kò tó ẹ yọ̀ lórí ni?"

Ẹ̀rín pa wá. Ó rẹ́rìn-ín títí òun náà fi jókòó sínú eruku, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tó yá ló wá gbá yàrá náà, ó gbá a mọ́ tónítóní.

Ó ti pẹ́ báyìí. Ìyá Ẹlẹ́ja ti darúgbó, kò yan ẹja mọ́, àpá sì wà lọ́wọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin wọ ọkọ̀ òfurufú fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tó jáde tí ìyàwó mi gbé ìgbálẹ̀, ó ń lọ sí yàrá rẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹ̀yin náà gba nǹkan yìí gbọ́ ni?" Ọmọ náà ti pè pé òun ti gúnlẹ̀ láyọ̀, mo sì ní kó máa gbádùn ara rẹ̀. Àmọ́ ìgbálẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.