Ọdún Tí Mo Ń Jowú Lèsí

Ìgbà kan wà láyé mi tí orúkọ mi wà nínú ìwé ẹgbẹ́ mẹ́rin, tí kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó lè fi orúkọ náà pè mí. Ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì ni mò ń sọ, nígbà tí mo kúrò ní Ọ̀yọ́, nílé bàbá mi, tí mo wá kàwé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìlú tí n kò dé rí ni. N kò ní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, n kò ní ọ̀rẹ́, kò sí ẹni tí ìyá mi lè pè lórí fóònù pé kó bá òun wo ọmọ òun. Ní ọjọ́ tí mò ń lọ, ìyá mi bá mi di ẹrù, ó ní, "Ènìyàn laṣọ o. Tí o bá débẹ̀, wá ènìyàn mọ́ra." Mo ní mo ti gbọ́. Mo rò pé bí ẹni tó fẹ́ lọ ra ọṣẹ lọ́jà ló rí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a wọlé, àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ to tábìlì sábẹ́ igi lẹ́bàá ilé ìkàwé, wọ́n ń pe àwa jáńbáìtì bí ẹni tó ń polówó ọjà. Inú mi dùn débi pé mo kọ orúkọ mi sílẹ̀ ní tábìlì mẹ́rin láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn gbà mí, iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni kí n máa lẹ ìwé ìròyìn wọn mọ́ ògiri. Ẹgbẹ́ aríyànjiyàn gbà mí, wọ́n ní kí n máa wo aago fún àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ gbin igi yí ọgbà ká náà gbà mí, ṣùgbọ́n àwọn tó dá a sílẹ̀ kò wá sí ìpàdé kejì. Ti ẹgbẹ́ òṣèré ló yàtọ̀. Wọ́n fi mí ṣe òkú. Òkú ọba ni, kì í ṣe òkú lásán, mo sì ránṣẹ́ sílé pé ipò ọba ni wọ́n fún mi nínú eré. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi dùbúlẹ̀ lábẹ́ aṣọ funfun, tí àwọn yòókù ń sunkún lé mi lórí. Tí wọ́n bá ti parí, wọn á ká aṣọ náà, wọn á sì jọ lọ jẹun. Bí wọ́n bá pàdé mi lọ́nà kíláàsì, wọn á ní, "Òkú, báwo ni?" Màá rẹ́rìn-ín. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn, síbẹ̀ n kò yé lọ, torí ẹni tó pè mí ní Òkú ṣáà pè mí.

Ẹ̀yìn ilé kan lójú ọ̀nà Òdogbolú ni mo gba yàrá sí. Èkó ni onílé ń gbé. Alámòójútó ilé ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá onílé nìkan ló kù nínú ilé iwájú, àgbàlagbà obìnrin tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji, ṣùgbọ́n kò lè dá ènìyàn mọ̀. Aládùúgbò kan ló ń gbé oúnjẹ wá fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ gbà kí n tó dé yàrá mi. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí géètì, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé: "Lèsí?"

Mo wo ẹ̀yìn mi, n kò rí ẹnikẹ́ni. Mo gbà pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ló ń pè. Mo tilẹ̀ rò ó pé bóyá orúkọ òyìnbó kan ni wọ́n gé kúrú báyẹn, àwọn ará Ìjẹ̀bú ṣáà ti bá òyìnbó rìn tipẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú fèrèsé gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́, mo ní, "Kò sí, mà." Kò fèsì. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ní "Lèsí?" Mo tún ní "Kò sí, mà." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ lójoojúmọ́ ayé.

Ẹ má rẹ́rìn-ín mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí jowú Lèsí. Mo rò ó pé ibi yòówù kó wà, ẹnì kan jókòó sójú fèrèsé tó ń retí rẹ̀. Bí géètì bá dún, orúkọ rẹ̀ ló ń bọ́ sí ìyá náà lẹ́nu. Èmi rèé, tí mo bá wọ yàrá mi ní ọjọ́ Ẹtì, tí mo ti ilẹ̀kùn, mo lè wà níbẹ̀ di ọjọ́ Ajé kí n tó gbọ́ ohùn ara mi. Nígbà míì mo máa ń bínú sí Lèsí pé aláìmoore ni, kò tilẹ̀ lè wá wo ìyá àgbà. Mo pinnu pé bí mo bá rí i, màá bá a wí.

Nígbà tó di sáà kejì ni mo dá ẹgbẹ́ tèmi sílẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Ẹgbẹ́ Atúnèdèṣe. Ìdí rẹ̀ ni pé èdè àwọn ará Ìjẹ̀bú ń yọ mí lẹ́nu. Wọ́n á pe ọmọ ní ọma, wọ́n á pe ilé ní ulé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì da gẹ̀ẹ́sì lù ú. Lójú mi nígbà náà, Yorùbá ti ṣubú ní Ìjẹ̀bú, èmi ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì rán wá gbé e dìde. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo rí. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, kì í ṣe èdè ló ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ni mo ń wá, tí wọn kò ní lè ṣe ìpàdé bí n kò bá sí níbẹ̀.

Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹgbẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ ní orúkọ ogún akẹ́kọ̀ọ́, kí kálukú fọwọ́ sí i, kó sì ní olùkọ́ kan tí yóò jẹ́ bàbá ìsàlẹ̀, kí sáà tó parí. Olùkọ́ kan bá mi fọwọ́ sí i láìka ohun tó wà nínú ìwé náà. Orúkọ tèmi ni àkọ́kọ́. Ó ku mọ́kàndínlógún. Mo lẹ ìkéde káàkiri, mo dá gúrúùpù sílẹ̀ lórí Wáásáàpù, mo kó ogójì ènìyàn sínú rẹ̀, mo sì jókòó tí mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde níkọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ ìpàdé, mo kọ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ sára pátákó, mo to àga. Wákàtí kan kọjá kí ọmọbìnrin kan tó yọjú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iná wà ní yàrá yìí? Mo fẹ́ fi fóònù mi sí i. Kò síná ní ulé wa láti àná."

"Ilé ni," mo ní, "kì í ṣe ulé."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wo àwọn àga òfìfo, ó wo ohun tí mo kọ sára pátákó. Ó ṣe mí bíi kí n rọra yọ́ lọ. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa, Ààrẹ. Níbo ni màá fọwọ́ sí?" Ọmọ Ayépé ni, ilé ló ti ń wá sí kíláàsì. Láti ọjọ́ náà ni kò ti pè mí ní ohun mìíràn ju Ààrẹ lọ, kò sì dẹ́kun pípe ilé ní ulé. Òun ló bá mi wá àwọn mẹ́fà tó tẹ̀lé e.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí sáà parí, a ti ní orúkọ mẹ́jọ. Mo gbàgbé ìwé náà sílé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọbìnrin náà sì tẹ̀ lé mi lọ mú un, torí ibẹ̀ náà ló ti máa wọ ọkọ̀ lọ sí Ayépé. Mo ṣí géètì.

"Lèsí?"

"Kò sí, mà."

Ọmọbìnrin náà dúró. "Kí lo sọ fún wọn yẹn?"

"Mo ní Lèsí kò sí. Ọmọ-ọmọ wọn kan ni. N kò tíì rí i rí."

Ẹ̀rín pa á débi pé ó fọwọ́ di ògiri mú. Nígbà tó tún wo ojú mi, ẹ̀rín náà tán. "Ààrẹ," ó ní, "lèsí tí wọ́n ń sọ, 'ta ni?' ni. Bí àwa Ìjẹ̀bú ṣe ń pè é nìyẹn. Ìwọ tí o ń wọlé ni wọ́n ń bi pé, ta ni?"

Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Oṣù méje. Wọ́n máa ń sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran. Etí ni n kò mọ̀ pé ó wà nínú rẹ̀. Oṣù méje ni ìyá arúgbó kan fi ń bi mí pé ta ni mí, tí mo sì ń dá a lóhùn pé kò sí.

Mo wọlé tọ̀ ọ́ lọ. N kò wọ ibẹ̀ rí. Orí àga onígi ló jókòó sí, ó gbé ọwọ́ lé itan. Ọmọbìnrin Ayépé ló kúnlẹ̀ tó fi èdè wọn ṣàlàyé. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó kọjú síbi tí mo wà.

"Ṣé ìwọ ni Kò-sí?"

"Èmi ni, mà. Ẹ má bínú."

"Èé ṣe tí màá fi bínú? Ọmọ mi bi mí láti Èkó pé lèsí ń gbé ẹ̀yìn, mo ní ọma kan ni, ó ní òun ò sí. Mo ní bóyá ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Mo wá ń dákẹ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò yé bi ẹ́. Mo ní bóyá ọjọ́ kan á wà tí wàá wà."

Ó ní kí lorúkọ mi, ọma lèsí ni mí. Mo dárúkọ mi, mo tún un pè. Mo dárúkọ bàbá mi, mo dárúkọ agbo ilé wa l'Ọ́yọ̀ọ́. Ó ń tún wọn pè tẹ̀ lé mi, ó ń mi orí. Omijé ń bọ́ lójú mi, mo sì dúpẹ́ pé kò lè rí i. Ọmọbìnrin náà rí i, ó yíjú sí ògiri.

Èmi fúnra mi ni mo sọ ìtàn náà ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. A kò tún èdè ẹnikẹ́ni ṣe mọ́. Ohun tí kálukú ń ṣe ni pé kó mú ọ̀rọ̀ kan wá láti ilé rẹ̀ kí àwa yòókù wò ó bóyá a mọ̀ ọ́n. Wọ́n wá ń sún mọ́ mi, àwọn míì sì ń mú ọ̀rẹ́ wọn wá. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó ti ìyá náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá ka àwọn orúkọ tó wà nínú ìwé náà fún un. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, orúkọ mẹ́tàdínlógún la ní. Ó ní, "Kọ orúkọ tèmi mọ́ ọn." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ìyá, akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n fẹ́." Ó ní ó dáa.

Akọ̀wé ọ́fíìsì náà ní mẹ́tàdínlógún kì í ṣe ogún, ó dá ìwé mi padà. Mo rò pé a óò tún bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ yanṣẹ́ lódì, wọ́n ti ilé ìwé, kálukú lọ sílé bàbá rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni. Gúrúùpù wa dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àwọn òbí ọmọbìnrin Ayépé mú un lọ sí ilé ìwé mìíràn tí wọn kì í ti í daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ìwé ìkéde òkú ni mo bá lára géètì. Oòrùn ti pa á láwọ̀, wọ́n ti sin òkú náà tipẹ́. Fọ́tò ìyá náà ló wà níbẹ̀, ìgbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran, orúkọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà, ti abísọ àti ti bàbá rẹ̀.

Mo kà á bí ẹni tó ń ka orúkọ àjèjì. Ìyá ni mo ń pè é, a kì í ṣáà bi àgbà lórúkọ. Ó ti ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo fi rẹ́rìn-ín. Odidi ọdún kan ni mo fi gbé ẹ̀yìn ilé ẹni tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, tí mo sì ń ráhùn pé kò sẹ́ni tó mọ tèmi.

Abẹ́òkúta ni mò ń gbé báyìí. Mo ti wọ ẹgbẹ́ míì látìgbà náà, ti ibi iṣẹ́, ti àdúgbò, n kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rẹ́ nínú wọn. Ó jọ pé bí a ṣe dá mi nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni pé mo máa ń bi àwọn àgbà lórúkọ. Màá kí wọn tán, màá dọ̀bálẹ̀, màá tọrọ gáfárà, màá wá béèrè. Àwọn kan máa ń wò mí bí ọmọ tí a kò kọ́ nílé. Àwọn míì á dárúkọ náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.